Ọ̀rọ̀ Kan, Àìsàn Méjì: Ohun Tí Epo àti Ọ́ìlì Ọkọ̀ Fi Kọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí àlàyé lórí ìpajẹ fáwẹ́lì tí mo ṣèlérí, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo gbé wá lónìí: irú epo tí a ń rà sí i àti irú ọ́ìlì tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni mo ń bá bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì túmọ̀ ní ọdún 2022. Àṣìtúmọ̀ náà ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi jẹ́ kọjá àtúnṣe, ó sì fi ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ náà, epo, bẹ̀rẹ̀. Nílé ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá ní kí n gbé epo wá, n kì í béèrè pé epo wo ni. Epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀ ni. Èyí tí a fún lára ẹ̀pà, òróró ni. Èyí tí a yọ lára èkùrọ́, àdín ni. Èyí tí a rí lára èso ẹ̀mí, òrí ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò da àdín sínú ẹ̀fọ́ nítorí pé ó jọ epo. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó tiwọn dé, orúkọ epo yìí náà ni a fún wọn: epo òyìnbó tí a ń dà sí àtùpà, epo bẹntiróòlù, epo dísù. Èyí tí kì í jẹ́ kí irin ha irin nínú ẹ́ńjìnnì ni a jẹ́ kí ó mú orúkọ ìlú rẹ̀ bọ̀, tí a ń pè é ní ọ́ìlì. Síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ènìyàn yóò kígbe lójú títì pé, "Epo ń jò lára ọkọ̀ yín o!" Ẹ kò ní mọ̀ bóyá bẹntiróòlù tí ó lè gbiná ni, tàbí ọ́ìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ yóò sọ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìtumọ̀ ṣe ń fẹ̀ ni ibi tí ènìyàn ti lè kọsẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Bàbá mi ní Ìjàpá. Kì í ṣe ìjàpá inú àlọ́ ni mò ń wí. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí igbá ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Badagry, ní Èkó, ní ọdún 1975. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, kò ní rédíétọ̀. Kí ó tó ṣáná sí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kì í fún un pọ̀ ju nǹkan bí ìlọ́po 7 lọ. Nítorí náà, kò yan oúnjẹ. Epo tí ó bá wà nílé epo ni ó ń mu, lítà 2 àti ààbọ̀ ọ́ìlì ni ó sì ń gbà. Bàbá mi kò ka ìwé kankan kí ó tó máa tọ́jú rẹ̀. Ó kàn ń fa géèjì ọ́ìlì yọ ní àràárọ̀, ó ń fi àkísà nù ún, ó ń wò ó, ó sì ń dá a padà. Mo ti rí i tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, n kò sì béèrè ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2021, èmi náà ra Volkswagen, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe Ìjàpá. Golf GTI ni, ti ọdún 2007, tí ó ní tọ́bò, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 200. Tòkunbọ̀ ni, láti Amẹ́ríkà. Ẹ wo ẹwà èdè wa: orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi tí a sì gbé wálé ni a gbé fún ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò lókè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó náà kò gbẹ́yìn nínú ìsọmọlórúkọ. Honda Accord tí ó jáde ní ọdún 2003 ni wọ́n ń pè ní End of Discussion. Nígbà tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n ní Discussion Continues. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní 2008, wọ́n sọ ọ́ ní Evil Spirit. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìsọlórúkọ, ẹ lọ sí ọjà ọkọ̀.

Ìkòròdú ni mò ń gbé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, mo máa ń gba ọ̀nà Ìmọ̀ta, Àgbọ̀wà àti Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti wo ìyá mi. Ní àwọn ibi tí ọ̀dà wà tí kòtò kò sí, bí mo bá tẹ Golf yìí díẹ̀, a fò bí ẹyẹ. Mo gbà pé inú mi máa ń dùn bí àwọn ọmọdé bá nà mí níka. Olùkọ́ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni mí pẹ̀lú.

Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ní irú agbára yìí máa ń yan oúnjẹ. Tèmi ń fún àdàlù rẹ̀ tó ìlọ́po 10 ó lé, tọ́bò tún ń ti afẹ́fẹ́ kún un. Ohun tí a bá fún pọ̀ báyìí a máa gbóná. Bí iná bá ran epo bí ó ti yẹ, láti ẹnu púlọ́ọ̀gì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì jó lọ geere, bí ìgbà tí a tiná bọ oko láti ìhà kan tí afẹ́fẹ́ sì ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo náà kò bá lè fara da ìfúnpọ̀ àti ooru, apá kan nínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjì tí ó bá tibẹ̀ jáde ni yóò máa gbá orí písítìn, tí a ó sì gbọ́ ohùn bíi ti òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń mì nínú agolo. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe èyí ní nọ́ọ̀kì.

Òǹkà ọ́kítéènì ni a fi ń wọn bí epo ṣe lè fara da irú èyí tó. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀: èròjà kan tí ń jẹ́ iso-octane ni wọ́n fún ní 100, èkejì tí ń jẹ́ heptane sì gba òdo. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìfaradà ni òǹkà yìí ń wọ̀n, kì í ṣe agbára. Epo tí òǹkà rẹ̀ ga kò ní sọ Ìjàpá bàbá mi di Golf. Láyé àtijọ́, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ epo láti gbé òǹkà náà sókè, lẹ́yìn tí Thomas Midgley ti ṣàwárí ọ̀nà yẹn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1921. Májèlé ni òjé jẹ́ fún ọpọlọ ọmọdé, nítorí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà fi pa á tì nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé. Algeria ni ó lò ó kẹ́yìn lágbàáyé, ní 2021.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í kà nìyí. Nínú ìdérí ibi tí a ń rọ epo sí lára Golf mi, wọ́n kọ 91. Epo bẹntiróòlù tí ìlànà Nàìjíríà là sílẹ̀, 91 náà ni. Mo yọ̀. Mo ní ṣebí aṣọ àti abẹ́rẹ́ ti pàdé. N kò mọ̀ pé 91 méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn ọ́kítéènì, wọ́n ń pè wọ́n ní RON àti MON, MON sì le ju RON lọ. RON nìkan ni a ń kà ní Nàìjíríà àti ní Yúróòpù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ro méjèèjì pọ̀, wọ́n sì ń fi 2 pín in. Nítorí náà, 91 ti Amẹ́ríkà sún mọ́ 95 nínú òǹkà tiwa, 91 tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 87 wọn, èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ tí kò ní wàhálà. Òǹkà kan náà, ìtumọ̀ méjì. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ rántí èyí kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Orí bá mi ṣe é, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà gbọ́n jù mí lọ. Ó ní etí kan lára ẹ́ńjìnnì tí ó ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀kì. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, yóò fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn díẹ̀. Agbára yóò dín kù, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ní fọ́. Èyí ni ó fi ń rìn fún oṣù mélòó kan láìsí ariwo.

Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2022, gbogbo Èkó ń sọ̀rọ̀ epo búburú. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, àjọ NMDPRA tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ ju ìwọ̀n lọ nínú epo kan tí wọ́n kó wọ ìlú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó epo náà kúrò lọ́jà, ilé epo dá páro, ìlà ọkọ̀ sì gùn láti Sábó títí dé ibi tí ojú kò tó. Ó pẹ́ kí n tó rà, ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò ń kú lọ́tùn-ún lósì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Golf mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kọ̀, kọ̀, kọ̀, láti ìsàlẹ̀, pàápàá bí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi, bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, ó ní kí n pa á.

"Pùròfẹ́sọ̀," ni ó wí (mo ti sọ fún un títí pé n kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò gbà), "ẹ́ńjìnnì yìí ti fẹ́ nọ́ọ̀kì o. Ẹ fi í sílẹ̀ níbí kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu," ni mo dá a lóhùn. "Epo búburú ni. Ẹ ò gbọ́ nínú ìròyìn ni?"

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Mo délé, mo ṣí ìwé, mo sì rí i kedere: nọ́ọ̀kì máa ń wáyé nígbà tí epo kò bá lè fara da ìfúnpọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí mo wí. Mo lọ ra ìgò kékeré kan tí wọ́n ní ó ń gbé ọ́kítéènì sókè, mo dà á sínú epo. N kò wo ara ìgò náà dáadáa: wọ́n ní ó ń fi "póìǹtì" mélòó kan kún un, póìǹtì kan kò sì ju ìdá mẹ́wàá òǹkà kan lọ. Ẹni tí ó bá fi póìǹtì 30 kún 91 yóò ní 94, kì í ṣe 121. Lékè gbogbo rẹ̀, n kò mọ̀ pé ọ́kítéènì mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ju 100 lọ. Ó máa ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ rọ́bà àti irin kan, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ti bẹntiróòlù lọ, ó sì lè sọ ọkọ̀ di aláìlera. Ṣùgbọ́n irú nọ́ọ̀kì tí mo kà nínú ìwé kọ́ ni àrùn tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí tí mo kó jọ ni kò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ mi. Mi ò kàn yẹ̀ wọ́n wò ni.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ gbé ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Aago méje ni wọ́n ní kí a débẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni a ti ń retí ọjọ́ náà. Nígbà tí a kúrò ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti ń wọ̀. Ariwo náà ti di gbà, gbà, gbà. Ìyá mi béèrè pé, "Kí ní ń kanlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀?" Mo ní epo ni. Kò pẹ́ tí a kọjá Ketu, iná pupa kan tàn níwájú mi, tí a yà bí àtùpà àtijọ́ tí epo ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé iná ọ́ìlì ni. Mo tún rò pé wáyà ni ó ń ṣe é, nítorí pé ọ̀rọ̀ epo ni ó gba ọkàn mi. Mo ń bá a lọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, ohun kan dún gbòlà nísàlẹ̀, èéfín bo iwájú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dá wáí.

Ìgbà náà ni mo mọ bí ọ̀nà Itoikin ṣe ń dá tó lẹ́yìn tí alẹ́ bá lẹ́. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ojú wọn kò ríran dáadáa lọ́sàn-án gan-an, jókòó sórí àpótí tí obìnrin ẹlẹ́ja kan yá wa. Ẹ̀fọn ń jẹ wá. Ó ju wákàtí méjì lọ kí ọkọ̀ akérò kan tó dúró. Láàárín àkókò yẹn, ìyá mi kò bínú, wọn kò sì ráhùn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí.

"Kí ni bàbá tí ń tún un ṣe sọ fún ọ?"

"Wọ́n ní ó fẹ́ nọ́ọ̀kì, Ìyá mi."

"O wá bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

N kò lè dáhùn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rè é tí mo ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ẹ bá lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu elédè, ẹ má fi ìtumọ̀ tiyín lé e lórí. Ẹ bi í, ẹ ní kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun tí ó ń wí.

A kò délé kí ó tó di òru. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ru sókè nítorí àárẹ̀, dókítà sì kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní òwúrọ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó tún rí àyè. A dúpẹ́, ó yọrí sí rere. Ìyá mi ń ríran báyìí débi pé wọ́n ń rí ìdọ̀tí ara ògiri mi. Ṣùgbọ́n ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà, ó pè mí kí n wá wò ó. Nínú àwo ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì máa ń wà, ohun dúdú kan ti dì bí ọ̀dà. Ó ti dí ojú asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń fa ọ́ìlì sókè. Ọ́ìlì kò dé ibi bẹ́árìn mọ́, irin ń jẹ irin, bẹ́árìn ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kíránkì sì ti há. Ó tọ́ka sí i, ó ní, "Nọ́ọ̀kì tí mo wí nìyí." Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa, ẹ́ńjìnnì tí ó bá nọ́ọ̀kì ni èyí tí bẹ́árìn rẹ̀ ti jẹ, tí ó ti ń kú lọ tàbí tí ó ti kú. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lórí epo rárá. Àrùn ọ́ìlì ni. Ohùn wọn náà yàtọ̀: ti epo máa ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lókè, ti ọ́ìlì máa ń kan gbà-gbà nísàlẹ̀. Ìwé kò parọ́, bàbá náà kò parọ́. Èmi ni mo fi ìtumọ̀ ìwé bo ìtumọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀.

Báwo ni ọ́ìlì mi ṣe di ọ̀dà? Mo rà á lẹ́bàá títì, nítorí pé ó dín owó sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ike rẹ̀ rẹwà, ìdérí rẹ̀ sì lẹ̀ pinpin. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣa ike òfìfo kiri, tí wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ padà sínú rẹ̀. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m ni èyí tí a ti lò tán tí a tú dànù. Ó níṣẹ́ tirẹ̀: àwọn onípákó máa ń kùn ún sára igi kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Ara pákó ni àyè rẹ̀, kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà a máa wí pé, "Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́." Èmi ni mo lọ fi owó ara mi ra yangí.

Ní báyìí tí mo ti sanwó ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí 5W-40 lára ike ọ́ìlì, lẹ́tà W yẹn dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó, kì í ṣe ìwúwo. Òǹkà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù. Èyí tí ó tẹ̀lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fẹ́ràn 20W-50, wọ́n ní èyí tí kò ki, omi lásán ni. Wọn kò jẹ̀bi pátápátá. Èkó kì í tutù bíi ti ìlú òyìnbó, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí àlàfo ti pọ̀ láàárín irin rẹ̀ sì lè máa gbádùn ọ́ìlì kíki. Ṣùgbọ́n àlàfo inú ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tín-ín-rín, ọ̀pá inú tọ́bò sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kíki nìkan kọ́. Ẹ wo lẹ́tà API pẹ̀lú: SN jáde ní 2010, SP sì jáde ní 2020, bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ìlànà náà ṣe jẹ́ tuntun tó. Àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù tún ní ìlànà tiwọn. Fún Golf mi, Volkswagen ní kí ó jẹ́ ọ́ìlì tí ó bá ìlànà 502 00 mu. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é mọ̀. Bí ẹ bá dà á tán, ẹ gún ike náà ní ọ̀bẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i lò. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan, nítorí náà èmi kì í jẹ́ kí tèmi kọjá 5,000 kìlómítà kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Bí mo bá sáré dé, mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí díẹ̀ kí n tó pa á, kí tọ́bò lè tutù. Bí iná àtùpà bá sì tàn, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo fi kún un ni ó pa tèmi.

Ní ti bẹntiróòlù, irú kan ṣoṣo ni ó wọ́pọ̀ nílé epo wa, nítorí náà ibi tí a ti ń rà á ni a lè yàn. Mo máa ń lọ síbi tí èrò pọ̀, tí epo kì í pẹ́ nílẹ̀. N kì í rà á nínú kẹ́ẹ̀gì, n kì í sì í rà á nígbà tí táńkà bá ń já epo lọ́wọ́, nítorí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ á ti rú sókè. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ alágbára kò gbọ́dọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe láti fi agbára kún un, bí kò bá ní epo tí ó lè gbé e. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, ti ń ṣe bẹntiróòlù, kò sì jìnnà sí ilé ìyá mi. Ṣùgbọ́n owó ti lọ sókè: ₦165 ni lítà kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì mi kú, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó di ₦488 ní Èkó, nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti sún mọ́ ₦1,000. Ọ̀wọ́n yìí ni ó ń mú ènìyàn wá ohun tí ó dínwó lẹ́bàá títì. Mo mọ̀ bí ó ṣe ń rí, èmi náà ṣe é.

Mo ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ní ọjà Ládípọ̀. Bàbá náà ni ó fi í sí i fún mi. Mo ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ báyìí tí mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Mo ti kọ ohun tí ó lé ní ọgọ́rin, mo sì ń ní kí ó tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo béèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pùròfẹ́sọ̀, ẹ̀yin náà ti ń kọ́ṣẹ́." Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní àràárọ̀, kí n tó jáde, mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń fa géèjì yọ, mo ń fi àkísà nù ún, mo ń wò ó, mo sì ń dá a padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ìpajẹ fáwẹ́lì ni o. Ẹ máa bi elédè léèrè.

Ire o.